Ẹ Yẹ Mítà Wò Kí Ẹ Tó Yẹ Aláìsàn Wò

Ní Boundary l'Ájégúnlẹ̀, àti ní àwọn àdúgbò tó já sí Apapa, kò ṣòro láti rí ẹni tó jókòó sórí àga oníke níwájú kẹ́mísítì, tó na ìka sílẹ̀ de abẹ́rẹ́. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan, sítírípù kan, kí ó sì tó pẹ́, mítà ṣúgà ti gbé nọ́ńbà jáde. Bí nọ́ńbà náà bá ga, àtọ̀gbẹ ti dé nìyẹn lójú ẹni tí wọ́n yẹ̀ wò. Àgbo tàbí oògùn ló kàn. Ta ló wá yẹ mítà náà wò?

Mítà tó dára pàápàá ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Òṣùwọ̀n àgbáyé ISO 15197 ti ọdún 2013 gbà pé bí ṣúgà bá ti tó 100 mg/dL, mítà lè fi ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún yàtọ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀. Ìṣirò rẹ̀ kò le: ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 120 gan-an, mítà lè pè é ní 102, ó sì lè pè é ní 138. Bẹ́ẹ̀, 126 láìtíì jẹun ni ibi tí àwọn dókítà ti ń pè é ní àtọ̀gbẹ. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà nínú iṣan, tí wọ́n yẹ̀ wò ní láàbù, ló yẹ kó fìdí àìsàn náà múlẹ̀.

Èyí tí a tọ́jú dáadáa nìyẹn. Bí mítà bá ti ń sọ ìsọkúsọ, bátìrì ni ọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ pààrọ̀, wọ́n á sì ra òmíràn bí kò bá gbọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà, sítírípù ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ni kò fẹ́ ooru tó kọjá 30°C, ọ̀sán Èkó nínú oṣù kejì àti ìkẹta sì máa ń kọjá bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá gba ọkọ̀ ojú omi wọlé tún lè ti jìyà ooru ní Apapa. Ike sítírípù ní ohun tó ń fa ọ̀rinrin mu; ẹni tó bá ṣí i sílẹ̀ lórí káńtà láti àárọ̀ ti bà á jẹ́.

Ọwọ́ aláìsàn náà wà níbẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bó ọsàn, tí kò fọwọ́, ṣúgà ọsàn ni mítà máa kà mọ́ tirẹ̀. Spírítì nìkan kì í tó láti mú un kúrò. Omi àti ọṣẹ ni, kí ọwọ́ sì gbẹ. Lára ọ̀pọ̀ mítà, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó náà máa ń rí nọ́ńbà tó ga ju bó ṣe yẹ lọ. Mítà àtijọ́ tún ní kóòdù tó gbọ́dọ̀ bá ti ara ike sítírípù mu.

Ohun tó ń yanjú àríyànjiyàn wà nínú ìgò kékeré: omi ìdánwò tí wọ́n ti mọ iye ṣúgà inú rẹ̀. Wọ́n á mi ìgò náà, wọ́n á nu ẹnu rẹ̀, wọ́n á da ẹ̀kán àkọ́kọ́ nù, wọ́n á kan èkejì mọ́ sítírípù, wọ́n á sì fi nọ́ńbà tó jáde wé àlà tó wà lára ike. Bó bá wà láàárín àlà, mítà àti sítírípù bá ara wọn mu. Bí kò bá sí níbẹ̀, kí wọ́n wo ọjọ́ tí omi náà yóò bàjẹ́, kí wọ́n ṣí ike tuntun, kí wọ́n tún un ṣe. Ìgbà tí èyí náà bá kùnà ni kí wọ́n tó dá mítà lẹ́bi.

Olùtajà lè ní owó ni gbogbo èyí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ṣúgà rẹ̀ ti di 300, tí mítà sọ fún pé kò ṣe é ní nǹkan kan, lè fi ojú tàbí ẹsẹ̀ san án.

Bí òṣìṣẹ́ NMDPRA, àjọ tó ń ṣọ́ ilé epo, bá dé ibẹ̀, agolo òṣùwọ̀n ni wọ́n fi ń wo pọ́ǹpù tó ń jí epo oníbàárà, wọ́n sì lè tì í pa. Ó yẹ kí ẹ̀jẹ̀ ènìyàn rí irú àmójútó bẹ́ẹ̀. Òfin ọdún 2003 fún àjọ MLSCN lágbára lórí láàbù, HEFAMAA ń ṣọ́ ilé ìlera ní Ìpínlẹ̀ Èkó, PCN ló sì ni ti kẹ́mísítì. Bí wọ́n bá dé Ajégúnlẹ̀, kí wọ́n béèrè ìwé àkọsílẹ̀ ìdánwò mítà kí wọ́n tó wo ìwé àṣẹ ara ògiri.

Kí oníbàárà náà má dákẹ́. Kí ó béèrè ọjọ́ tí wọ́n ṣí ike sítírípù àti ọjọ́ tí wọ́n dán mítà wò kẹ́yìn. Bí wọn ò bá rí ọjọ́ kan sọ, kí ó gba láàbù tàbí ilé ìwòsàn ìjọba lọ, kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ síbẹ̀.