Ẹ̀rín ní Ẹnu Ọ̀nà Ọ̀run

Ẹ̀yin ará wa ní Sẹkọna àti ní gbogbo agbègbè Ẹdẹ, bí oúnjẹ bá wọ́n tàbí bí òjò bá kọ̀, ohun tí a ń gbọ́ ni pé ayé ti parí. Kì í ṣe àwa nìkan. Ní ọdún 2021, àwọn ará Amẹ́ríkà gbé sinimá kan jáde, Don't Look Up, nínú èyí tí ìràwọ̀ onírù ń bọ̀ wá pa ayé rẹ́, tí àwọn olówó sì ń wá èrè lára rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín ni a ń fi í rín.

Ṣùgbọ́n irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ ti wà ní ilé wa tipẹ́. Ní ọdún 1982 ni Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlá, gbé Ọ̀run Móoru jáde. Ola Balogun ni ó darí rẹ̀. Gbájúẹ̀ kan ṣe ìlérí fún ọkùnrin inú eré náà pé òun yóò fi owó kún àgbá fún un. Òfo ni ó bá. Ó gbà pé ayé òun ti parí, ó sì bẹ́ sínú odò. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ àwọn òkú, wọ́n ní àkókò rẹ̀ kò tíì tó.

Àwọn kan lè wí pé ikú kì í ṣe ohun ẹ̀rín. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Eégún aláré, tí a ń pè ní ará ọ̀run, ti ń pa àwọn baba wa lẹ́rìn-ín láti ìgbà pípẹ́. Ẹni tí ó lè rẹ́rìn-ín sí òpin kò ní tètè sọ ìrètí nù.

Ohun tí ó yẹ kí a sunkún lé lórí ni èyí: àwọn olè da fíìmù náà kọ sí fídíò, wọ́n sì ń tà á, títí ẹni tí ó ni ín fi di onígbèsè. Ẹni tí ó kìlọ̀ fún wa nípa gbájúẹ̀ ni gbájúẹ̀ tún jà lólè. Ó kú ní Iléṣà ní ọdún 2018. Àwa tí a ra ẹ̀dà olówó pọ́ọ́kú wọ̀nyí, ǹjẹ́ ọwọ́ wa mọ́?

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a ra iṣẹ́ àwọn òṣèré wa lọ́wọ́ àwọn tí ó ni wọ́n. Ẹni tí ó bá ní fíìmù àtijọ́ nínú àpótí, kí ó má ṣe jẹ́ kí ó jẹrà. Ayé kò tíì parí. Iṣẹ́ ṣì wà láti ṣe.