Ọ̀RỌ̀ INÚ ILÉ: Obì Gbàǹja àti Ewúrẹ́ Aládùúgbò

Gbogbo ẹni tí ń ka Bíbélì ni ó mọ igi óákù tí orí Ábúsálómù há sí. Igi ilẹ̀ òkèèrè ni, ṣùgbọ́n èso rẹ̀ bá obì dọ́gba ní ọ̀nà méjì: bí ó bá gbẹ, kò ní hù mọ́, bí a bá sì gbìn ín ní tútù, ẹranko ni í kọ́kọ́ wá a rí.

Lẹ́yìn 1912, tí ọkọ̀ ojú irin ti so Èkó mọ́ Kánò, obì gbàǹja Agége di ọjà ńlá ní Òkè Ọya. Nítorí náà ni mo ṣe gbin mẹ́rin sí ẹ̀yìnkùlé mi ní Ìsọlọ̀. Òkété hú mẹ́ta jẹ lóru; ewúrẹ́ aládùúgbò sì jẹ ẹ̀kẹrin tí ó ti yọ ewé. Inú bí mi, mo mú pàṣán. Ìyàwó mi wí pé, “Baálé mi, ẹran kò mọ ohun tí ń jẹ́ ọ̀la. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n, ọgbà wo ni ẹ ṣe yí i ká?” Ojú tì mí.

Ẹ gbọ́ bí mo ti wá ṣe é. Mo ṣa obì tútù tí kòkòrò kò lu, mo gbìn wọ́n sínú àpótí oníyẹ̀pẹ̀, mo fi àwọ̀n wáyà bò ó, mo sì fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bò ó. Ẹ má ṣe kánjú hú u wò, nítorí obì lè pẹ́ ju oṣù méjì lọ kí ó tó hù. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, mo lọ́ ọ sí ilẹ̀. Mo fi ọparun ṣe ọgbà tí ó ga dé àyà, nítorí ewúrẹ́ a máa fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn dúró. Mo sì ri ẹsẹ̀ wáyà mọ́lẹ̀ nítorí òkété.

Ó ku ohun kan. Gbàǹja tí ó bá dá wà kì í sábà so dáadáa. Kòkòrò ní láti gbé ìyẹ̀fun òdòdó igi mìíràn wá fún un. Nítorí náà ni mo ṣe fún aládùúgbò mi ní ọ̀kan, mo sì bá a ṣe ọgbà tirẹ̀. Bí Olúwa bá dá ẹ̀mí sí, ní bí ọdún méje sí i, igi rẹ̀ ni yóò mú kí tèmi so.