Ilé Là Á Wò Kí A Tó Sọmọ Lórúkọ

Ẹrù owó ilé kò wúwo bákan náà ní gbogbo ìlú. Ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì, kí ó fi Òṣogbo wé Ọ̀tan-Ilé ní ilẹ̀ Obòkun. Abẹ́ ìjọba Ọ̀ṣun kan náà ni ìlú méjèèjì wà, owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí ìjọba náà fọwọ́ sí ní ọdún 2024, èyí tí í ṣe náírà 75,000, kò sì mọ ìlú kan yàtọ̀ sí èkejì.

Ní Òṣogbo, owó ilé ni ìṣòro. Kí a sọ pé yàrá kan jẹ́ náírà 10,000 lóṣù. Bí onílé bá béèrè owó ọdún kan pọ̀, náírà 120,000 ni òṣìṣẹ́ yóò kó kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò sí oṣù tí owó rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀; gbèsè ni yóò fi wọlé.

Ní Ọ̀tan-Ilé ẹ̀wẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń gbé ilé baba wọn tàbí ilé tí wọ́n kọ́ fúnra wọn. Àwọn onímọ̀ a máa wí pé ẹni tí ilé bá gba ju ọgbọ̀n náírà lọ nínú ọgọ́rùn-ún tí ń wọlé fún un, ẹrù rẹ̀ ti pọ̀jù. Bí owó ilé nìkan ni a bá fi ṣírò, a ó rò pé ará Ọ̀tan-Ilé kò ru ẹrù kankan. Bẹ́ẹ̀ kọ́! Òrùlé tí ń jò ń béèrè páànù, ògiri tí ó sán ń béèrè sìmẹ́ǹtì, owó ọkọ̀ sì ń gun orí iye wọn. Àgbẹ̀ oníkòkó kò sì ní owó oṣù. Ìgbà ìkórè ni ó ń rí owó gidi.

Àwọn aṣòfin Èkó mọ̀ pé àdúgbò kò dọ́gba. Òfin ilé yíyá wọn ti ọdún 2011 kò jẹ́ kí onílé gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, ṣùgbọ́n ó yọ Ìkòyí, Àpápá, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀. Bí a bá lè ya àdúgbò ọlọ́rọ̀ sọ́tọ̀, èéṣe tí a kò lè wo ti tálákà lọ́tọ̀?

Láti ọdún 2006 ni a ti ka ènìyàn kẹ́yìn ní Nàìjíríà. Nítorí náà, a ké sí ìjọba Ọ̀ṣun pé kí ó ka ilé àti ìnáwó ilé ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí ó jẹ́ kí ará Òṣogbo máa san owó ilé díẹ̀díẹ̀. Kí ó sì yá ará Obòkun lówó òrùlé, kí ó san án padà nígbà ìkórè.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ àwọn ará ìlú ní ìṣirò yìí. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ bi olóṣèlú yín léèrè kí ẹ tó dìbò: ìlú wo ni ó wò kí ó tó ṣèlérí?