Ṣé Dandan Ni Kí Àlejò Ológun Sọ Ẹni Tó Jẹ́?

Àríyànjiyàn kan wà nílẹ̀ Yewa tí ó yẹ kí a bá àwọn àgbà dá sí. Láàárín àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì ni ó wà, àwọn bàbá, ìyá àti ẹ̀gbọ́n wa tí wọ́n máa ń pàdé ní Ìlaròó, ní Ayétòrò àti káàkiri agbègbè ààlà láti ran ara wọn lọ́wọ́. Ọjọ́ ti pẹ́ tí gbogbo ènìyàn ti mọ ẹgbẹ́ wọn sí Nigerian Legion, ṣùgbọ́n àwọn ìpàdé kéékèèké tún wà tí kò ní orúkọ kan, tí ó jẹ́ pé abẹ́ igi tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹnìkan ni wọ́n ti ń ṣe é. Ohun tí wọ́n ń jiyàn lé lórí ni èyí: bí ẹni tuntun bá wá sí ìpàdé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ṣé dandan ni kí ó dìde lójú gbogbo ènìyàn, kí ó sọ orúkọ rẹ̀, ẹ̀ka iṣẹ́ ológun tí ó wà, ogun tí ó jà àti ohun tí ojú rẹ̀ rí níbẹ̀?

Ọ̀pọ̀ ní dandan ni. Èmi ní kì í ṣe dandan, àti pé ẹni tí àlejò bá nílé ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé àwọn tó ń sọ pé dandan ni kò ní ìdí. Ọmọ Yorùbá kì í ṣàdédé wọ agbo láìkí ẹnikẹ́ni, kí ó wá jókòó bí ẹni tó wá ṣe amí. Wọ́n tún sọ pé àwọn ẹlẹ́tàn pọ̀. Bí oṣù kìíní ọdún bá ti wọlé, tí ayẹyẹ ìrántí àwọn ológun ti ọjọ́ 15 oṣù náà ń bọ̀, tí wọ́n sì gbọ́ pé ìrẹsì tàbí owó lè jáde, ẹni tí kò gbé ìbọn rí láyé rẹ̀ lè yá fìlà ṣọ́jà wọ̀ kí ó wá tò sórí ìlà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín: ta ni ìròyìn ogun máa ń rọ̀ lọ́rùn jù? Ẹlẹ́tàn ni. Òun ni yóò dìde láìjẹ́ pé a pè é, tí yóò ròyìn bí ọta ti kọjá létí rẹ̀, tí yóò sì fi ọwọ́ júwe rẹ̀. Ẹni tí ó jà á gan-an ni ọ̀rọ̀ ń há sí lọ́fun. Nítorí náà, bí a bá fi ìròyìn ẹnu ṣe òṣùwọ̀n, òpùrọ́ ni yóò máa gbégbá orókè, ẹni tí a torí rẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ yóò sì máa padà sílé.

Mo rí irú rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, mo tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n bàbá mi lọ sí ìpàdé kan ní ìlú tí n kò ní dárúkọ, nítorí ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, èmi ni mo sì bá wọn gbé àpò. Ọkùnrin kan wọlé, kò tíì pé ẹni ogójì ọdún, ó ń tiro díẹ̀. Kò tilẹ̀ tíì jókòó dáadáa tí alága fi ní, "Ṣọ́jà, dìde, sọ ara rẹ fún wa." Ó dìde. Ó sọ orúkọ rẹ̀ àti ilé wọn. Ó ní Ìlà-Oòrùn Àríwá ni òun ti ṣiṣẹ́, níbi ogun Boko Haram. Bàbá kan tó jà Ogun Abẹ́lé ní, "Ṣé ogun náà nìyẹn?" Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ìkà, irú ẹ̀rín tí àgbà máa ń rín sí ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. Ẹlòmíràn wá bi í pé mélòó nínú àwọn tí wọ́n jọ lọ ni ó padà wálé. Ọkùnrin náà di ẹ̀yìn àga mú, ó dúró pẹ́, kò sì sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá ó ní òun ń bọ̀. Fìlà rẹ̀ wà lórí àga títí ìpàdé fi parí. Lẹ́yìn ìgbà náà ni mo gbọ́ pé ìwé kan péré ni ó wá béèrè ọ̀nà rẹ̀, ìwé tí yóò fi rí ìtọ́jú gbà fún ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó mọ ọ̀nà ìwé náà wà nínú ilé lọ́jọ́ náà. Ìjókòó mẹ́ta péré ló wà láàárín àwọn méjèèjì.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé àwa ará ààlà ju ẹlòmíràn lọ. Ní 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fi ọwọ́ sí ìwé tí wọ́n fi pín ilẹ̀ wa. Kétu bọ́ sí apá ti Faransé, Ìlaròó àti Ìmẹ̀kọ bọ́ sí apá ti Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní dé ní 1914, Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í fi ipá mú àwọn ọ̀dọ́ Dahomey wọ iṣẹ́ ológun. Gẹ̀ẹ́sì náà gba ọmọ ogun, ṣùgbọ́n ọwọ́ ti Faransé le ju tiwọn lọ. Ni àwọn ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í kó kọjá ààlà wá sí ọ̀dọ̀ àwọn ìbátan wọn ní apá ìhín. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Aṣíwájú sọ̀rọ̀ nípa èyí nínú ìwé ńlá tí ó kọ lórí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá lábẹ́ ìjọba àwọn òyìnbó, tí a tẹ̀ jáde ní 1976. Ẹni tí kò bá tíì kà á nínú yín, kí ó wá a lọ sí ilé ìkàwé.

Ẹ wá fi ojú inú wo ọmọkùnrin kan tó sá fún iṣẹ́ ológun Faransé, tó dé abúlé kan lẹ́bàá Ayétòrò lóru. Bí onílé bá mú un dúró láàárín ọjà ní ọjọ́ kejì, tó ní kó sọ orúkọ rẹ̀, orúkọ bàbá rẹ̀ àti ibi tó ti wá, ta ni ó mọ etí tí yóò gbọ́ ọ? Omi ni a ń fún àlejò. Lẹ́yìn omi, oúnjẹ. Lẹ́yìn oúnjẹ, ẹní. A kì í bi àlejò ní ohun tó gbé e wá kí omi tó dé ọwọ́ rẹ̀. Gbogbo wa mọ̀ ọ́n sí ìwà ọmọlúàbí, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ààbò ni pẹ̀lú fún ẹni tí ó ń sá. Orúkọ yóò jáde bó pẹ́ bó yá. Ẹni tó ni ín ni yóò sọ ọ́, fún ẹni tí ó bá wù ú. Ó yà mí lẹ́nu pé àwọn bàbá tí a bí sórí irú ilẹ̀ yìí ni wọ́n ń ṣe bí aṣọ́bodè sí ẹni tó wá bá wọn jókòó. (Ẹ̀yin aṣọ́bodè tó bá ń ka ìwé yìí, ẹ má bínú.)

Ìbéèrè pé "apá wo lo wà?" tún ní ẹ̀gún tirẹ̀. Láti 1940 títí di 1942, ìjọba Vichy ti Faransé, tí ó ti bá Jámánì ṣe àdéhùn, ni ó ń ṣàkóso Dahomey, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ń bá Jámánì jà kíkankíkan. Ọmọ ìyá méjì tí wọ́n jọ ń ná ọjà kan náà lè wà lábẹ́ àsíá méjì. Ẹ jẹ́ kí a tún bọ̀ nílé. Ní 2000 ni Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ yí lílé tí a lé àwọn ológun tó jà fún Bìáfírà kúrò lẹ́nu iṣẹ́ padà sí ìfẹ̀yìntì. Ọgbọ̀n ọdún ni ogun náà ti parí kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè máa gbé Ìlaròó lónìí, kí ó jẹ́ àna wa. Kí ni kí ó sọ bí a bá ní kí ó dìde, tí ẹni tí ó pàdánù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú ogun náà sì jókòó níwájú rẹ̀?

Ẹ rántí Isaac Fadoyebo, ọmọ Èmùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, tí ó wọ iṣẹ́ ológun ní 1942 nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 16. Àwọn tí ń tọ́jú aláìsàn ni ó wà pẹ̀lú wọn ní Bọ́mà. Ní oṣù kẹta 1944, àwọn ará Japan ba dè wọ́n létí odò Kaladan. Ọta bà á, kò lè rìn mọ́. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sàró, ni wọ́n kù sínú igbó náà. Àwọn ará abúlé ibẹ̀ gbé oúnjẹ àti omi wá fún wọn, bàbá kan tí ń jẹ́ Shuyiman sì gbà wọ́n sílé, ó fi wọ́n pamọ́ títí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi dé ní oṣù Kejìlá. Èdè wọn kò yé ara wọn. Bí Shuyiman bá ní dandan ni kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ẹni tí wọ́n jẹ́, ibẹ̀ ni egungun wọn ìbá wà dòní. 1999 ni ìwé tí Fadoyebo kọ nípa ọ̀rọ̀ náà jáde, ọdún 55 lẹ́yìn tí ọta bà á; ó kú ní 2012. N kò sọ pé ó pa ẹnu mọ́ fún gbogbo ọdún náà. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìròyìn ogun ní ìgbà tirẹ̀, alága kò sì lè fi ìka pè é jáde.

Kí wá ni kí á ṣe? Ẹ wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tiwa. Ẹ̀fẹ̀ kì í ṣàdédé bọ́ sí agbo lóru. Àwọn kan ti jáde ṣáájú láti tún ojú agbo ṣe fún un. Nígbà tí òun náà bá sì dé, ìjúbà ni yóò fi bẹ̀rẹ̀, kò ní fi ìtàn ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kí ó rí ní ìpàdé. Kí àwọn tó ti wà níbẹ̀ dárúkọ ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì sọ ìwúlò tí wọ́n ní: "Èmi ni lágbájá, mo lọ sí Làìbéríà ní 1990, èmi ni mo mọ ọ̀nà ilé ìwòsàn." "Èmi ni tàmẹ̀dù, bí ọ̀rọ̀ bá di ti báńkì, ọ̀dọ̀ mi ni kí ẹ wá." Bí wọ́n bá ti ṣe èyí, ọkùnrin tí ń tiro yẹn kò ní nílò láti sọ̀rọ̀ rárá kí ó tó mọ ẹni tí yóò lọ bá. Ní ti ẹlẹ́tàn, kí àlejò fi nọ́ńbà iṣẹ́ rẹ̀ àti ìwé tí ó gbà nígbà tí ó fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀ han akọ̀wé ní kọ̀rọ̀. Ìwé ni yóò mú ẹlẹ́tàn. Ìtàn kò lè mú un.

N kò ní kí a pa ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ lẹ́nu mọ́. Àwọn kan wà tí kò sí ẹni tó ń gbọ́ ti wọn nílé mọ́, ìpàdé yìí nìkan ni wọ́n ní. Ìjà ò dọlà, orúkọ ní í sọni, ni àwọn àgbà wí. Bí orúkọ bá jẹ́ gbogbo ohun tí ogun fi sílẹ̀ fún ènìyàn, ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ yan ọjọ́ tí yóò pè é.

Ti àwọn obìnrin tilẹ̀ burú ju èyí lọ. Opó yóò wá, wọn yóò ní kí ó sọ bí ọkọ rẹ̀ ti kú kí wọ́n tó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Obìnrin tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ṣọ́jà yóò wá, wọn yóò bi í pé ìyàwó ta ni.

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ náà kò mọ́ nínú ọ̀ràn yìí pátápátá, nítorí a máa ń mú àwọn ọmọ tuntun dìde lálẹ́ ìkíni-káàbọ̀, kí wọ́n sọ orúkọ, ìlú àti ohun tí wọ́n ń kọ́, bí wọ́n ti ń gbọ̀n lójú gbogbo wa. Èyí kéré, ẹ̀rín ni yóò sì gbẹ̀yìn rẹ̀. Ti àwọn bàbá ni kó jẹ wá lógún. Bí wọ́n bá pe àyẹ̀wò lórí owó ìfẹ̀yìntì àwọn ológun, ìwé ni wọ́n ń béèrè, ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá náà ni ojú kò sì ran dáadáa mọ́. Ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó bá wà nílé lásìkò ìsinmi lè lọ jókòó ti akọ̀wé, kí ó máa bá wọn kọ ọ́. Kí ó mú gègé púpọ̀ dání. Wọn kì í dá a padà.