Àṣírí Tí Ọ̀tá Mọ̀, Tí Ará Ilé Kò Mọ̀

Àwọn kan ṣì ń gbèjà ìjọba Soviet pé kò sí bí wọn ì bá ti ṣe bọ́ǹbù átọ́míìkì láìbò ó mọ́lẹ̀. Wọ́n ní Amẹ́ríkà ti ju tirẹ̀ sí Hiroshima àti Nagasaki, Stalin, olórí Soviet, kò sì lè káwọ́ gbera. Mo gbà pé ẹ̀rù náà kì í ṣe àròsọ. Ohun tí n kò gbà, tí n kò sì ní gbà láé, ni pé tìtorí ọ̀tá ni wọ́n ṣe bo ohun tó ṣẹlẹ̀ létí odò Techa. Àwọn tó ń mu omi odò náà gan-an ni wọ́n fi pamọ́ fún.

Ní 1948, ilé iṣẹ́ Mayak bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe plutonium, èròjà bọ́ǹbù náà, ní agbègbè Chelyabinsk, lẹ́bàá òkè Ural. Ìlú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò sí nínú máàpù. Chelyabinsk-40 ni wọ́n ń pè é, bí ẹni ń pe nọ́ńbà àpótí ìfìwéránṣẹ́. Láti 1949 títí di 1956, omi ìdọ̀tí olóró tó tó mítà kúbíìkì mílíọ̀nù 76 ni wọ́n tú sínú Techa. Àwọn èèyàn bí 28,000 ló ń gbé ní abúlé 41 létí odò yìí. Wọ́n ń mu ún, wọ́n ń fi fọṣọ, ẹran ọ̀sìn wọn ń wọ inú rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún dí etí omi, wọ́n kó àwọn abúlé kan kúrò, wọ́n fi àwọn mìíràn sílẹ̀, wọn kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn dókítà ń gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Muslyumovo, ọ̀kan nínú àwọn abúlé etí odò náà, wọ́n ń kọ ohun tí wọ́n rí sínú ìwé, wọ́n sì ń ti ìwé náà mọ́ àpótí. Aláìsàn kò mọ orúkọ àìsàn tó ń ṣe é! Ní 29 September 1957, àgbá ìdọ̀tí kan bú gbàmù ní Mayak, atẹ́gùn sì gbé oró rẹ̀ lọ jìnnà. Ìwé ìròyìn Chelyabinsk sọ fún àwọn tó rí ojú ọ̀run tó ń tàn pé ìmọ́lẹ̀ ìhà àríwá ayé lásán ni.

Ta wá ni kò mọ̀? Bọ́ǹbù àkọ́kọ́ ìjọba Soviet bú ní 29 August 1949. Ọkọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà rí eruku rẹ̀ nínú atẹ́gùn, Ààrẹ Truman sì kéde rẹ̀ ní 23 September. CIA, àjọ amí Amẹ́ríkà, gbọ́ nípa ìbúgbàmù 1957 láàárín ọdún díẹ̀ sí ìgbà tó ṣẹlẹ̀, àwọn náà sì pa á mọ́ra. Zhores Medvedev, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí ìjọba Soviet ti gba ẹ̀tọ́ ọmọ orílẹ̀-èdè lọ́wọ́ rẹ̀, ló tú u síta ní 1976. Ọdún 1989 ni Moscow tó jẹ́wọ́.

Wọn á ní Amẹ́ríkà náà ṣe irú rẹ̀ ní Hanford, ilé iṣẹ́ plutonium tirẹ̀. Ó ṣe é, n kò sì bá a wẹ̀ ẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ Hanford kò fọ omi Techa. Wọn á tún ní ìkìlọ̀ ì bá ti tú àṣírí fún amí. Kí ni amí fẹ́ rí kọ́ nípa bọ́ǹbù nínú “Ẹ má mu omi yìí”? Ìyá ọlọ́mọ kò nílò ìmọ̀ plutonium kó tó lọ pọnmi níbòmíràn.

Muslyumovo ṣì wà létí odò náà nígbà tí ìjọba Soviet túká ní 1991. Ó di ẹ̀yìn 2005 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ará ibẹ̀ kúrò, ibi tí wọ́n sì kọ́lé sí fún ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju bíi kìlómítà 2 lọ sí ibi tí wọ́n ti kó wọn.