Ẹṣin Tí Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Kán: Àánú Ni Tàbí Ìkà?

Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń bínú bí wọ́n bá gbọ́ pé wọ́n pa ẹṣin nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kán níbi eré ìje.

Ẹṣin tó wúwo tó 500 kìlógíráàmù kò lè dùbúlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ bí èèyàn. Bí ẹsẹ̀ kan bá kán, àwọn yòókù ni yóò gbé gbogbo ara, pátákò wọn a sì bàjẹ́. Ohun tó ṣe Barbaro ní Amẹ́ríkà nìyẹn. Oṣù karùn-ún ọdún 2006 ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n tọ́jú rẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ, síbẹ̀ wọ́n pa á ní oṣù kìn-ín-ní 2007.

Èrò tiwa ni pé àánú ni kí a gba ẹran tí kò lè yè lọ́wọ́ ìrora. Ṣùgbọ́n dókítà ẹranko ni kó pinnu, kì í ṣe ẹni tó ń ka owó. Àánú ìkẹyìn kò sì lè wẹ ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tó fi ẹṣin tó ti ń tiro sáré.

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Kàdúná tí ẹ ní ẹṣin, tàbí tí ẹ ń bá ẹlòmíràn tọ́jú rẹ̀ fún pólò tàbí ọdún Iléyá, bí ó bá ń tiro, ẹ má jẹ́ kó jáde. Ilé ìwòsàn ẹranko Yunifásítì Ahmadu Bello wà ní Zaria. Ẹṣin kò lè sọ pé ara ń ro òun. Ẹni tó ń gùn ún ló yẹ kó mọ̀.