Àwókù Kamina àti Àwọn Tí Ìwé Kò Dárúkọ

Nítòsí ìlú Atakpamé ní ilẹ̀ Tógò, níbi tí àwọn Ifẹ̀ tí èdè wọn bá Yorùbá tan ń gbé, ni àwókù Kamina wà. Àlejò tí ó bá dé ibẹ̀ yóò bá ìpìlẹ̀ kọnkéré ńláńlá nínú igbó, àti irin ẹ̀rọ tí ó ti dípẹtà. Ohun tí ó kù nìyẹn nínú ilé-iṣẹ́ wáyálẹ́ẹ̀sì tí àwọn ará Jámánì kọ́ láti 1911 títí di 1914, tí ó ń bá Nauen, lẹ́bàá Berlin, sọ̀rọ̀, bí ọ̀nà náà tilẹ̀ ju 5,000 kìlómítà lọ. Òpó irin mẹ́sàn-án ni wọ́n nà ró níbẹ̀. Mẹ́fà nínú wọn ga tó 120 mítà.

Nígbà tí ogun dé ní oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì 1914, Kamina ni Jámánì fi ń ránṣẹ́ sí àwọn ọkọ̀ rẹ̀ lórí òkun. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí Gẹ̀ẹ́sì láti Gold Coast àti Faransé láti Dahomey fi sáré wọ Tógò. Ní ọjọ́ 7 oṣù náà, Alhaji Grunshi, ọmọ-ogun Gold Coast, yin ìbọn tí ọ̀pọ̀ òpìtàn kà sí ìbọn kìíní tí ọmọ-ogun orí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìn nínú ogun náà. Ọmọ Áfíríkà ni, ẹ kíyè sí i. Ọjọ́ 22 ni ìjà gbóná ní odò Chra. Ní òru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25, àwọn ará Jámánì fi ọwọ́ ara wọn wó òpó wọn lulẹ̀, wọ́n fọ́ ẹ̀rọ wọn túútúú kí ó má baà bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Ọjọ́ 26 ni wọ́n túúbá.

Ta ni ó wa ìpìlẹ̀ náà? Àwọn ọmọ ilẹ̀ ni, nínú ìlú tí ìjọba Jámánì ti ń fi ipá múni ṣiṣẹ́. Ìwé ìtàn pa orúkọ Bryant, olórí ogun Gẹ̀ẹ́sì, mọ́. Ó pa ti von Doering tí ó túúbá mọ́, àti ti Lieutenant Thompson tí ó kú ní Chra. Orúkọ aláàárù tí ó fi orí ru ọta ìbọn dà?

Lẹ́yìn náà, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé pín Tógò bí ẹni pín ẹran ìgbẹ́, wọn kò bi onílẹ̀ léèrè. Apá kan bá Ghana lọ ní 1957. Èkejì gba òmìnira ní 1960. Títí di òní, ààlà náà la àárín àwọn Ewe já.

Kò yẹ kí irin Kamina di ohun tí à ń wọ̀n tà fún oníirin àlòkù. Bí àwọn tí ọ̀ràn kàn bá sì fẹ́ gbé òkúta ìrántí kalẹ̀ níbẹ̀, ilé àwọn àgbà Atakpamé ni kí wọ́n kọ́kọ́ dé, kí wọ́n béèrè ẹni tí baba ńlá wọn tí ó ru irin náà ń jẹ́.